Ọdún Kẹta Tí Mo Wá Ẹni Tí Yóò Kọ́ Mi Níṣẹ́ Abẹ

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni lẹ́tà kẹta wọlé sórí fóònù mi. Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ni mo dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì omi, nítorí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ti í já. Ilé ìwòsàn ìjọ kékeré kan ni, lójú ọ̀nà tó ti Ọ̀yẹ́ lọ sí Ìkọ̀lé. Tíátà kan ṣoṣo ló ní, oníṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo, àti èmi tí mo ń ràn án lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn ńlá mẹ́ta ló ti ní kí n wá fún íńtáfíù báyìí, nínú oṣù kan náà.

Rẹ́sídẹ́ńsì ni mo ń wá. Ẹni tó ti di dókítà ná ló máa ń ṣe é: ọdún gbọọrọ lábẹ́ àwọn ọ̀gá, kó tó lè dá dúró níwájú ikùn èèyàn tó ṣí sílẹ̀, kó sì mọ ohun tó kàn. Ọdún kẹta mi rèé lẹ́nu wíwá a. Lọ́dún kìíní, kò sẹ́ni tó pè mí. Lọ́dún kejì, ilé ìwòsàn kan pè mí, wọ́n ní mo gbìyànjú, wọ́n ní àwọn yóò ránṣẹ́ sí mi bí àyè bá ṣí. Àyè kò ṣí. Ìdánwò àkọ́kọ́ tí a máa ń yege kí wọ́n tó lè gbà wá sì ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń parí. Bí ọdún yìí bá kọjá tí wọn kò gbà mí, mo ní láti tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà.

Ó yẹ kí n hó fún ayọ̀. Mo fọwọ́ ti táńkì, mo bì. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà pé mo lóyún, n kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí obìnrin tó nílé ọkọ, tó sì níṣẹ́ lọ́wọ́, fi ń dààmú ara rẹ̀ tó báyìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àgbẹ̀ kan láti Òkè-Àkò fún yín.

Ọdún tó ṣáájú ni. Dókítà àgbà, ìyẹn oníṣẹ́ abẹ wa, ti rìnrìn àjò lọ tọ́jú ojú ara rẹ̀. Nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni ọ̀kadà gbé ọkùnrin náà dé, ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó gbá a mú kó má baà ṣubú. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ní ìpá. Ó ń kọ ebè lọ́jọ́ kan ni ìfun rọ́ wọnú ìpá, ó sì há síbẹ̀. Ó ti lo ọjọ́ kan àtààbọ̀ nílé kí wọ́n tó gbé e wá. Mo pe Dókítà àgbà lórí fóònù.

Ó ní, "Là á. Bí ìfun bá ṣì pọ́n, tì í padà sínú. Bó bá ti dúdú, gé e, kí o so ojú méjèèjì pọ̀."

Mo ti dúró tì í lẹ́ẹ̀mejì tó ṣe irú rẹ̀. N kò fọwọ́ ara mi ṣe é rí.

Abẹ́rẹ́ tí a gún ọkùnrin náà lẹ́yìn ti pa ìsàlẹ̀ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń bá wa sọ̀rọ̀. Ó ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé iṣu ọdún yìí yóò ta. Mo là á. Ìfun náà dúdú, ó ń rùn. Ó gùn tó apá mi láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Mo mú irin lọ́wọ́, mo mọ ibi tó yẹ kí n gé, mo sì rí i pé n kò mọ bí n ó ti so ó padà. Mo dúró. N kò mọ iye ìṣẹ́jú tí mo fi dúró.

Ọkùnrin náà ní, "Dókítà, ẹ ti dákẹ́."

Mo fi aṣọ tó tutù bo ìfun náà, mo ní kí wọ́n gbé mọ́tò wá, a gbé e kọjú sí ilé ìwòsàn tó tóbi jù tiwa lọ. Èmi ni mo jókòó tì í lẹ́yìn mọ́tò. Ó kú kí a tó dé Ìfàkì. Ìyàwó rẹ̀ wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, kò mọ̀, ó ń ṣàlàyé fún awakọ̀ bí ọkọ òun ṣe máa ń lágídí. Mo jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ lọ títí a fi dúró.

Ọwọ́ tó lè ṣe iṣẹ́ náà wà lára mi. Ẹni tí yóò kọ́ ọ ni n kò rí.

Nígbà tí mo fi lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta han Dókítà àgbà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì gbé fóònù náà súnmọ́ imú bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ tí a tọ́jú kò tíì dá, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Àwa méjèèjì mọ̀ pé kò ní pẹ́ fi iṣẹ́ abẹ sílẹ̀.

Ó ní, "Wọn yóò yẹ̀ ọ́ wò. Ìwọ náà yẹ̀ wọ́n wò. Má wo ilé, má wo géètì, má wo aṣọ ọ̀gá. Tètè dé, kí o lọ ka pátákó tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ ọjọ́ náà sí lẹ́nu ọ̀nà tíátà. Wo iye iṣẹ́ tí wọ́n fagi lé. Lẹ́yìn náà, wá èyí tó rẹ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, kí o bi í ní ìbéèrè kan péré: mélòó lo ti fi ọwọ́ ara rẹ ṣe? Kì í ṣe mélòó lo rí o. Mélòó lo ṣe?"

Mo ní, "Bàbá, ipò wo ni mo wà tí n ó fi máa ṣàṣàyàn? Ẹni tó bá ṣáà ti gbà mí ni mo ń bá lọ."

Ó ní, "Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tí ebi ń pa kì í wo ẹnu ìkòkò. Wò ó."

Ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ sọ ti oyún fún. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìkọ̀lé, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Oyún kan ti bọ́ lára mi ní ọdún méjì ṣáájú, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi dúró ní tíátà láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Dókítà obìnrin tó tọ́jú mi sọ pé kì í ṣe ìdúró ló fà á. Mo gbà á gbọ́ gẹ́gẹ́ bíi dókítà. Ọkọ mi kò gbà á gbọ́, n kò sì lè bá a wí.

Ó ń to ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sórí tábìlì nígbà tí mo sọ ọ́. Ó dúró, ó gbé ọwọ́ lérí. Ayọ̀ kọ́kọ́ yọ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó ní, "O ṣì máa lọ."

Mo ní, "Mo máa lọ. Bí mi ò bá lọ lọ́dún yìí, ó ti tán."

Ó jókòó. Ó ní, "Mi ò ní dá ẹ dúró, torí mi ò fẹ́ kí o máa fi ojú ẹni tó ba ayé ẹ jẹ́ wò mí. Ṣùgbọ́n bí èyí náà bá bọ́, mi ò mọ̀ bóyá màá lè dárí jì ẹ́. Òótọ́ ni mò ń sọ fún ẹ yìí."

Ìgbà tó sọ pé òun yóò sìn mí dé gáréèjì lọ́jọ́ tí mo máa lọ ni mo tó sunkún.

Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ wà ní ìlú ńlá kan ní gúúsù. Orúkọ rẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ pè bí a bá sọ pé oníṣẹ́ abẹ gidi. Mo dé ní ọjọ́ kan ṣáájú íńtáfíù. Mo wọ aṣọ funfun mi, mo rìn wọlé bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Mo dé ẹnu ọ̀nà tíátà, mo ka pátákó. Iṣẹ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọ́n ti fi ìlà pupa gba mẹ́fà kọjá. Ẹnì kan kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan pé kò sí iná, sí ẹ̀gbẹ́ òmíràn pé kò sí dókítà tí yóò fún aláìsàn ní oorun.

Mo rí ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ. Mo kí i, mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un. Mo bi í ní ìbéèrè Dókítà àgbà.

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú. "Àǹtí, ọdún kẹrin mi nìyí. Mi ò tíì so ìfun kankan rí. Irin ni mò ń dì mú, kí ikùn lè ṣí sílẹ̀ fún ọ̀gá. Mẹ́ta nínú àwọn ọ̀gá wa ti jápa láàárín ọdún kan. Àwọn tó kù, aláìsàn tiwọn ni wọ́n ń sáré tọ̀ lọ ní ilé ìwòsàn aládàáni."

Mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń dúró?"

"Níbo ni mo fẹ́ lọ?" Ó nu ẹnu rẹ̀. "Àmọ́ ẹ wá o. Bí wọ́n bá gbà yín, ẹ wá. Orúkọ ibí dára nínú ìwé."

Lọ́jọ́ kejì, èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún la jókòó sínú gbọ̀ngàn láti du àyè tí kò ju márùn-ún lọ. Ooru mú, mo fi hánkáṣíìfù bo imú. Nígbà tó kàn mí, wọ́n bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta lórí iṣẹ́, mo dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọkùnrin tó jókòó láàárín wá ti ìwé mi sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Ta lẹ mọ̀ níbí?"

Mo ní, "Kò sí, sà."

Ó ní, "Ó dáa. Ẹ ṣeun." Mo mọ̀ nígbà tí mo dìde pé ó ti parí. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń jáde, mò ń gbàdúrà kí wọ́n gbà mí, ibi tí ẹni ọdún kẹrin kò tíì so ìfun rí. Bí àìnírètí ṣe ń sọ èèyàn dà nìyẹn.

Èkejì jìnnà. Òwúrọ̀ kùtù ni mo wọ mọ́tò ní Ìkọ̀lé, oòrùn sì ti ń wọ̀ kí n tó débẹ̀. Lójú ọ̀nà, ibì kan wà tí awakọ̀ ti pa rédíò, tí gbogbo wa dákẹ́, tí ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀síbà rẹ̀ kíákíá, nítorí àwọn ajínigbé ti gbé èèyàn níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo gbé ọwọ́ mi sórí ikùn. Mo bi ara mi pé ta ni mo rò pé mo jẹ́.

Ilé ìwòsàn náà kò lẹ́wà. Àjà kan ti jin sílẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù, ewúrẹ́ sì ń jẹko níwájú géètì. Ṣùgbọ́n ní ẹnu ọ̀nà tíátà, iṣẹ́ méje ló wà lórí pátákó, wọn kò fagi lé ìkankan. Obìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dún kẹta ló mú mi wọlé. Ó fi ìwé tó ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí hàn mí. Mo ka ojú ewé kan, mo ṣí òmíràn. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é, pẹ̀lú ìfọwọ́sí ọ̀gá ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rí ibi tó kọ ọ́ sí pé òun gé ìfun tó ti kú, òun sì so ó. Omi bọ́ lójú mi. Mo díbọ́n pé òógùn ni.

Ó ní, "Ọ̀gá wa ni. Kì í gba abẹ lọ́wọ́ èèyàn. Yóò dúró sí ẹ̀yìn rẹ, yóò sọ pé tẹ̀síwájú. Bí o bá ṣe àṣìṣe, ọwọ́ rẹ̀ ti débẹ̀ kó o tó mọ̀."

Ọ̀gá náà ló ṣe alága íńtáfíù lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin gíga tí irun rẹ̀ ti funfun. Ó ní kí n sọ ti aláìsàn kan tó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo sọ ti àgbẹ̀ Òkè-Àkò. N kò fi nǹkan kan pa mọ́. Mo sọ bí mo ṣe dúró, mo sọ ohun tó sọ fún mi. Ọ̀gá kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Obìnrin kan tó jókòó sí ìkangun tábìlì wá ní, "Dókítà, ẹ má bínú, àmọ́ a máa ń bi gbogbo obìnrin. Ṣé ẹ ń retí ọmọ báyìí, àbí ẹ ń gbèrò rẹ̀ láàárín ọdún tó ń bọ̀?"

Mo wọ búbá tó fẹ̀. Kò sí ohun tó hàn. Mo rántí ìwé iṣẹ́ obìnrin ọdún kẹta náà.

Mo ní, "Rárá, mà."

Ohùn mi kò gbọ̀n rárá. Kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo fi òótọ́ tó wúwo jù láyé mi lé wọn lọ́wọ́, mo sì pa irọ́ tẹ̀ lé e.

Mo gba Ìfisìn kọjá nígbà tí mò ń bọ̀, kí n lè kí ìyá mi. Epo pupa ló ń ṣe, àkókò ẹyìn sì ni, nítorí náà ibi ìṣepo ni mo bá a, epo dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Kò kí mi káàbọ̀. Ó wo ọrùn mi, ó wo ojú mi.

Ó ní, "Oṣù mélòó?"

Mo ní, "Ó ń lọ sí mẹ́ta."

"O sì lọ jókòó sínú mọ́tò láti àárọ̀ dé alẹ́." Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bó awọ rẹ̀. "Uṣẹ́ wo nìyí? Uṣẹ́ tí kò jẹ́ kéèyàn jókòó ní ulé ọkọ rẹ̀? O ti di dókítà. Èmi ṣáà ń bá àwọn èèyàn yọ̀ pé ọmọ mi ti di dókítà. Kí ló tún kù?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé. Dípò ìyẹn, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé mo ti parọ́ fún àwọn àgbàlagbà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, lórí ìjókòó, láàárín èéfín, bí ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Kò dá mi láre, kò sì dá mi lẹ́bi. Ó bu omi fún mi mu. Ó ní kí n jókòó kúrò níbi èéfín.

Nítorí irọ́ yẹn ni mo ṣe pinnu pé n ó sọ òótọ́ ní ẹ̀kẹta. Ibẹ̀ kò jìnnà, mo lè jáde nílé láàárọ̀ kí n sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Èèyàn rere ni wọ́n. Èmi ni mo kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè iye ọ̀gá tí wọ́n ní, wọn kò sì fi pa mọ́: méjì ni, ọ̀kan sì ti kọ̀wé pé òun ń lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a parí, mo sọ pé mo lóyún, mo sọ oṣù tí mo máa bí. Wọ́n wo ara wọn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn rẹ́rìn-ín bíi bàbá.

Ó ní, "Ẹ lọ bí i ná, dókítà. Ẹ padà wá lẹ́yìn rẹ̀."

Mo ní, "Sà, ìdánwò mi yóò ti kú nígbà náà."

Ó ní, "Ọlọ́run yóò ṣe ọ̀nà."

Mo dúpẹ́. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ọkọ mi pé òótọ́ ti ná mi ní ọ̀kan.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la fi dúró. Àkọ́kọ́ kò fèsì rí títí di òní. Ẹ̀kẹta ránṣẹ́ pé àwọn kábàámọ̀. Èkejì gbà mí. Ọjọ́ tí wọ́n ní kí n wá bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà oyún mi.

Odindi ọjọ́ méjì ni n kò fi lè jẹun. Bí mo bá dákẹ́, wọn yóò rí ikùn mi lọ́jọ́ tí mo bá wọlé. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè gba àyè náà lọ́wọ́ mi. Ní ìkẹyìn, mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá náà, ojú ewé kan, mo sọ pé mo parọ́, mo sọ ìdí rẹ̀, n kò tọrọ nǹkan kan. Dókítà àgbà kà á, ó ní kí n yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn, nítorí ó dà bí ẹkún. Mo yọ ọ́, mo fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ kẹta ni ọ̀gá pè mí. Mo ń rìn nínú wọ́ọ̀dù, mo sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ táńkì.

Ó ní, "Dókítà, oníṣẹ́ abẹ tó parọ́ nípa ikùn ara rẹ̀, kí ni yóò sọ lọ́jọ́ tó bá gbàgbé òwú sínú ikùn ẹlòmíràn?"

Mo gbọ́ tó mí.

Ó ní, "Mo ti bínú fún ọjọ́ méjì, ó tó. Ẹ wá lọ́jọ́ tí a kọ sínú lẹ́tà. Bí ẹ bá fi ọjọ́ kan pẹ́, mo ti fún ẹlòmíràn. Ti ìbímọ, a ó mọ ohun tí a ó ṣe sí i nígbà tó bá dé."

Ìyá mi ló bá mi lọ. Ó fi ẹyìn rẹ̀ sílẹ̀ lákòókò rẹ̀ gan-an, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀, ó di ẹrù méjì, ó ní òun kò lè jókòó sí Ìfisìn kí òun máa retí ìpè. Ọkọ mi gbé ẹrù wa sínú mọ́tò. Kò sọ pé ó ti dára, kò sì sọ pé kò dára. Ó di ọwọ́ mi mú láti ojú fèrèsé títí mọ́tò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa díẹ̀.

Mo ṣiṣẹ́ pẹ̀lú oyún náà. Bí ikùn mi ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni mò ń jìnnà sí tábìlì iṣẹ́ abẹ, títí mo fi ń nawọ́ bí ẹni tó ń ká èso lórí igi. Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé àpótí ìjókòó gíga kan wá fún mi. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gé ìfun, tí mo sì so ó. Ó dúró sí ẹ̀yìn mi, ó ní, "Tẹ̀síwájú." Aláìsàn náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. N kò lè sọ bó ṣe rí lára mi, àfi pé mo jókòó sí yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, mo sì sọ fún ọkùnrin Òkè-Àkò pé kó má bínú.

Ní oṣù kẹjọ oyún náà, ẹ̀jẹ̀ mi ru. Wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gba ọmọ náà, obìnrin ni, ó kéré débi pé ìyá mi gbé e lọ́wọ́ kan. Ó yè. Ọkọ mi dé lọ́jọ́ kejì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé títí ìyá mi fi lọ fà á lọ́wọ́.

Ọmọ náà pé oṣù mẹ́ta ni ọ̀gá pe gbogbo àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ìwé rẹ̀ ti wà nínú páálí. Ó ní òun ń lọ sí òkè òkun, àwọn ọmọ òun wà níbẹ̀, ó ti rẹ òun. Ó bẹ̀ wá pé kí a má bínú. Àgbàlagbà náà bẹ̀ wá, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ìgbà yẹn ló yé mi pé gbogbo àyẹ̀wò tí mo ṣe, pátákó, ìwé iṣẹ́, ìbéèrè, èèyàn kan ṣoṣo ni mo yẹ̀ wò. Mo pè é ní ilé ìwòsàn.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ tí wọ́n ń fagi lé lórí pátákó wa ń pọ̀ sí i. Obìnrin tó fi ìwé rẹ̀ hàn mí ti lọ. Ní ilé, Dókítà àgbà ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti ti tíátà kékeré yẹn pa. Àwọn tí ìpá wọn bá há ń gba Ìfàkì lọ sí Ìdó, bí wọ́n bá lè débẹ̀. Ìyá mi mú ọmọ padà sí Ìfisìn nígbà tí mo já a lẹ́nu ọmú, nítorí n kò lè máa tọ́jú rẹ̀ láàárín iṣẹ́. Oṣù tó kọjá ni mo lọ wò ó. Mo na ọwọ́ sí i. Ó fi ojú pa mọ́ sí ọrùn ìyá mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ìyá mi ní, "Kò ì tíì mọ̀ ọ́ ni. Jókòó, yóò mọ̀ ọ́."

Mo jókòó fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, mo ní láti wọ mọ́tò padà.

Mo ti kọ̀wé sí ilé ìwòsàn mìíràn méjì pé kí wọ́n gbà mí wọlé láti ọdún kejì iṣẹ́ tí mò ń kọ́. Kò tíì sí èyí tó dáhùn.